Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́, Dókítà Ní Ká Lọ Wo Ọkọ̀

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan n'Íbàdàn. Àwọn ìyá tò sórí bẹ́ǹṣì, káàdì lọ́wọ́, ọmọ lẹ́yìn. Ìdí òṣùwọ̀n ni dókítà obìnrin tí mo ń tẹ̀ lé kiri ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Bọ̀dé. Kílò mẹ́wàá ni ọmọ wọ̀n. Ibo ló jókòó sí nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Itan mi ni, Dókítà. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Mo dì í mú dáadáa."

Dókítà kò bá a jà. Ó ní bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, agbára tí ọmọ yẹn yóò fi ta síwájú lè tó ti ẹrù kílò 200. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin! Apá ta ló lè dá a dúró?

Ó di ìdí ọkọ̀. Bàbá Bọ̀dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú Bọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́fà. Dókítà wá bẹ́líìtì ẹ̀yìn títí, abẹ́ aṣọ ìjókòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Ó fà á yọ pẹ̀lú eruku, ó dè é mọ́ Bọ̀dé. Tìsàlẹ̀ bọ́ sórí ikùn, tòkè ń ha á lọ́rùn.

"Ẹ wò ó, egungun ìbàdí ló yẹ kí tìsàlẹ̀ mú. Bó bá mú ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ má sì ki tòkè bọ abẹ́ apá o, àárín èjìká ni kó gbà."

Ọmọ tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 145 nílò àga ọmọ tí yóò gbé e sókè. Ti àbúrò Bọ̀dé tí wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ojú àga rẹ̀ kọ sí. Kò sì gbọdọ̀ jókòó níwájú èrbáàgì láéláé. Bàbá béèrè bóyá àga tòkunbọ̀ dára. Dókítà ní kó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní wúlò mọ́, kó má sì ra èyí tó ti wà nínú jàǹbá rí.

Ilé ìwòsàn gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti máa jáde. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè bu owó ìtanràn lé awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu dókítà ni ìyá ti ń gbọ́ ohun tó ń pa ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ pé láti ọmọ ọdún 5 sí ẹni ọdún 29, jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa wọ́n jù.

Ìyá mìíràn ti dúró tì wá. "Dókítà, èmi tí mo wọ danfo wá ńkọ́? Kò sí bẹ́líìtì kankan níbẹ̀."

"Ẹ má jókòó síwájú, Màmá. Bí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó gbà pé ìyẹn kò tó, èmi náà sì gbà. Kí ìjọba má fún onídanfó kankan ní ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ mọ́ títí bẹ́líìtì yóò fi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn.