Ìdí Tí Ojú Fóònù Kì Í Fi Í Dá Ìka Àgbà Lóhùn

Gíláàsì tó wà lójú fóònù ìgbàlódé kò mọ bí èèyàn ṣe tẹ òun lágbára tó. Iná mànàmáná ló ń ṣọ́, ìwọ̀nba tín-ín-tín tí omi àti iyọ̀ inú ìka wa máa ń fà nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Ìdí rèé tí ìyá tó jẹ́ ẹni 70 ọdún fi lè tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ lójú fóònù títí tí ìka á fi máa ro ó, tí fóònù kò ní dá a lóhùn, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún yóò sì kàn fọwọ́ rà á báyìí, tí yóò ṣí. Kíá la ó sọ pé fóònù ti ju ìyá àgbà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí kì í ṣe òótọ́. Awọ ìka ló fa ìṣòro náà, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ẹ̀rọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí fóònù tí àwọn òbí wa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ẹni ọdún 45 nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni 70 ọdún báyìí. Kì í ṣe àlejò fóònù. Ó ti họ káàdì, ó ti tẹ nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìṣì í, ó ti lo Nokia 3310 tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń tẹ bọ́tìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí lẹ́tà kan ṣoṣo kọ. Lábẹ́ bọ́tìnnì fóònù bẹ́ẹ̀, rọ́bà kékeré tàbí irin pẹlẹbẹ kan wà tó wú sókè díẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á wọlẹ̀, á so ojú ọ̀nà iná méjì pọ̀, iná á kọjá, fóònù á sì mọ̀ pé wọ́n ti tẹ òun. Bí kò bá wọlẹ̀ tó, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí fóònù kò bá dá lóhùn, tó tún un tẹ̀ kí ó le sí i, ohun tó tọ́ gan-an ló ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni rédíò, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n àti bọ́tìnnì ATM. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fi kọ́ àwọn òbí wa pé agbára ni kí wọ́n lò.

Àwọn ojú ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tí èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ agbára bẹ́ẹ̀. Samuel Hurst, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ló ṣe aṣáájú irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí òkè. Ìpele méjì ló wà lójú rẹ̀, àyè tóóró sì wà láàárín wọn. Bí a bá tẹ ti òkè, á kan ti ìsàlẹ̀. Èékánná ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìdérí bírò náà ń ṣiṣẹ́, ìbọ̀wọ́ kò sì dí i lọ́wọ́.

Ti inú fóònù òde òní yàtọ̀. Láti ọdún 1965 ni E. A. Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí rédà ní Malvern, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀, tó sì ń rò ó fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. iPhone tó jáde ní 2007 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo oníṣẹ́ fóònù ń ṣe, tó fi di pé fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí àtẹ lọ́jà wa lónìí náà ń lò ó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Lábẹ́ gíláàsì òkè, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí wọ́n fi indium tin oxide ṣe, ohun kan tó ń gbé iná kọjá, tó sì mọ́ gaara débi pé ojú wa kò lè rí i. Àwọn kan dúró lóòró, àwọn kan dùbúlẹ̀ níbùú, wọ́n sì ń kọjá lórí ara wọn. Ṣíìpù kékeré kan ń rán iná gba inú wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń ka iye tó dé òdì kejì. Níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, díẹ̀ nínú agbára iná náà máa ń yọ gba inú gíláàsì wá sókè. Kò tó ohun tó lè gbé ẹnikẹ́ni, ara kò tilẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ìka tó bá súnmọ́ ibẹ̀ á fà lára rẹ̀, nítorí omi àti iyọ̀ tó wà nínú ara wa ń gbé iná. Iye tí ṣíìpù ń kà á wálẹ̀ níbẹ̀. Bí aláǹtakùn tó jókòó sí àárín òwú rẹ̀ ṣe ń mọ ibi tí eṣinṣin bà sí láti ara okùn tó mì, bẹ́ẹ̀ ni ṣíìpù náà ń mọ ibi tí ìka wà láti ara ìlà tí iná rẹ̀ dín kù.

Ṣùgbọ́n ó ní òṣùwọ̀n. Bí ohun tí ìka fà kò bá tó ìwọ̀n kan, ṣíìpù kò ní kà á sí nǹkan kan, torí kò fẹ́ kí aṣọ inú àpò máa pe èèyàn. Ibí yìí ni wàhálà àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Òkú awọ ni ìpele tó wà lókè pátápátá lára wa, iná kì í sì í gba inú òkú awọ tó gbẹ kọjá dáadáa. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, òróró àti òógùn tí awọ ń mú jáde ń dín kù. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún di ọkọ́ mú, tàbí tó ti fi ọwọ́ po àró, ro àmàlà, ran aṣọ, awọ ìka rẹ̀ á ti nípọn. Ẹran ìka tó tutù, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ti jìnnà sí gíláàsì. Tí ọyẹ́ bá wá dé, ó di méjì. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwọ̀n kò ní pé.

Kò gba ogun, kò gba ọtẹ̀. Òrí tí àwọn ìyá wa fi ń para nígbà ọyẹ́ wúlò níbí: kí wọ́n fi ra ọwọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí omi ṣì wà lára awọ, kí wọ́n sì nu èyí tó kù lójú ìka. Bí fóònù kò bá gbọ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n fi aṣọ tó lọ́rinrin díẹ̀ nu ìka, kí wọ́n tún gbìyànjú. Kí wọ́n má ṣe fi ṣóńṣó ìka ṣá a, nítorí èékánná kì í gbé iná. Ibi tó lẹ́ran, ibi tí à ń fi tẹ̀ka sórí ìwé, ni kí wọ́n gbé lé gíláàsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí ìka rẹ̀ ti ká lè lo bírò olórí rọ́bà tí wọ́n ń tà fún ojú fóònù. Rọ́bà náà ń gbé iná. Bírò lásán kò lè ṣe é.

Ohun kejì tí gíláàsì yìí mọ̀ ni àkókò, èyí sì ni mo rò pé ó ń da àwọn àgbà láàmú jù. Bí ìka bá kàn án tó sì kúrò kíá, ìtumọ̀ kan nìyẹn: ṣí i. Bí ìka bá dúró síbẹ̀ bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, fóònù á gbà pé àṣẹ mìíràn ni wọ́n pa. Mẹ́nù á yọ jáde, àmì áàpù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, tàbí kó bi wọ́n bóyá kí òun pa nǹkan kan rẹ́. Ẹni tí bọ́tìnnì ti kọ́ pé kó tẹ̀, kó sì dúró kí ẹ̀rọ dáhùn, á máa bọ́ sínú pańpẹ́ yìí lójoojúmọ́. Ọmọ á béèrè pé, “Mọ́mì, kí lẹ tẹ̀?” Màámi á ní àwọn ò tẹ nǹkan kan ju orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni màámi ń sọ.

Fún ìdí èyí, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fi kọ́ àgbà kì í ṣe WhatsApp. Kíkàn-kí-a-gbọ́wọ́ ni. Kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù, kí wọ́n máa kan nọ́ńbà níbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Kò sí ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gba ìpè àṣìpè. Nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n wá kọ́ dídì-í-mú, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì gbohùngbohùn yẹn ń fẹ́ kí ìka dúró lórí rẹ̀. Ìka tó gbẹ lè já lórí rẹ̀ lágbede méjì, ohùn tí wọn kò tíì sọ tán á sì lọ. Kí wọ́n fa ìka lọ sókè títí àmì àgádágodo á fi mú un, nígbà náà wọ́n lè gbé ọwọ́ kúrò kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Nínú fóònù Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Accessibility, ẹ máa rí Touch & hold delay níbẹ̀. Ẹ gbé e sí Long. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè gba òbí yín lọ́wọ́ ìbínú ọdún kan. Lórí iPhone, abẹ́ Accessibility náà ni Touch Accommodations wà. Ó lè mú kí fóònù má ka ìfọwọ́kàn ẹ̀ẹ̀mejì ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí méjì. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà àti àmì tóbi sí i, kí àyè ìka lè pọ̀. Ẹ ṣí ìró àti gbígbọ̀n tó ń dáhùn nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án, torí èyí ló máa rọ́pò ìró bọ́tìnnì tí etí wọn ti mọ̀. Láti ìgbà Android 10, tó jáde ní 2019, ni fóònù púpọ̀ ti ń fi wíwọ́ ìka láti etí gíláàsì rọ́pò bọ́tìnnì mẹ́ta tó máa ń wà nísàlẹ̀. Ẹ dá bọ́tìnnì mẹ́ta yẹn padà fún wọn nínú Settings. Ohun tí ojú rí rọrùn ju ohun tí èèyàn ní láti rántí pé ó wà níbi tí kò sí nǹkan.

Kì í ṣe ìka nìkan ló ń fa ìṣòro. Screen guard, ìyẹn ààbò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù, tó bá nípọn, pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá há sí abẹ́ rẹ̀, tún ń mú kí ìka jìnnà sí àwọn ìlà iná. Omi lójú gíláàsì ń ṣi ṣíìpù lọ́nà, nítorí omi náà ń fa iná. Ní ti fóònù tó ń ṣí nǹkan fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wà lórí iná, ẹ yọ ṣájà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi. Ayédèrú ṣájà máa ń da ariwo iná sínú fóònù, ṣíìpù á sì máa rò pé ìka ni. Ọ̀pọ̀ ibi ìtẹ̀ka tó wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù náà ń lo ọgbọ́n kan náà yìí láti ka ìlà ọwọ́. Bí iṣẹ́ bá ti pa ìlà ọwọ́ rẹ́, PIN ni kí wọ́n lò.

Mi ò sọ pé gbogbo àgbà ló gbọ́dọ̀ lo gíláàsì. Fóònù oníbọ́tìnnì ṣì ń pe èèyàn, ó ṣì ń lo kóòdù oníràwọ̀ láti fi owó ránṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. Bàbá tó fẹ́ràn tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bó bá fẹ́ máa rí ojú àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston, kó ní èkejì fún ìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni fóònù tí ọmọ rà láti òkè òkun, tó fi kámẹ́rà àti àyè ìpamọ́ yàn án, tí kò rántí ìka tó máa lò ó. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ mú wọn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ kò bá sí nílé, ẹ bẹ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan kó bá wọn lọ. Kí àwọn ọlọ́jà bá wọn ṣí fóònù tí wọn kò tíì lẹ screen guard mọ́. Kí òbí yín fúnra wọn pe nọ́ńbà kan lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má já a gbà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó bá dá ìka wọn lóhùn ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀.