Kápẹ́ẹ̀tì Mọ́tò Rin Gbindin: Ṣé Òjò Ni Àbí Éésì?

Tí ìkìlọ̀ àgbàrá òjò bá ti gba ojú ìwé ìròyìn, àwọn mẹkáníìkì Èkó ti mọ ẹjọ́ tí oníbàárà máa ń gbé wá: kápẹ́ẹ̀tì rin gbindin, ìkùukù ń bo gíláàsì láti inú, ọkọ̀ ń rùn bí aṣọ tí wọn ò sá. Òjò ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà nìkan ló tutù, éésì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni éésì ti ń fa omi. Lọ́dún 1902, tí onímọ̀ ẹ̀rọ Willis Carrier ya àwòrán éésì rẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rinrin ló ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀ ju ooru lọ: bépà ń fẹ̀, ó ń súnkì, àwọ̀ kì í sì í bọ́ síbi tó yẹ. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ yẹn náà ni éésì mọ́tò ń ṣe títí dòní. Ká mú àpótí kan tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kan-kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, omi inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi gíráàmù 24. Bó bá tutù dé 10°C, nǹkan bíi 9 péré ló lè gbé. Èyí tó kù á di omi sára irin ìtutù abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, á ṣàn sínú àwo, á sì gba ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan bọ́ sílẹ̀. Òun ló ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró. Tí eruku àti ewé bá dí ọ̀pá náà, inú ọkọ̀ ni omi yóò yà sí.

Tí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ní àwọ̀, tó sì ń ta òórùn dídùn, kúláàntì tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ni, kì í ṣe omi éésì.

Tó bá wá jẹ́ òjò lóòótọ́, ẹnì kan á mú tọ́ọ̀ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ẹnì kejì á máa fi họ́ọ̀sì tú omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé ti ba ìdánwò jẹ́, torí omi á ṣàn kọjá gbogbo ojú ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé tó dí ihò abẹ́ wáípà wọ́pọ̀. Èyí tí wọn kì í sábà rántí ni ọ̀rá inú ilẹ̀kùn. Òjò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, á sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó yà sínú ọkọ̀. Bí ẹni tó tún gíláàsì ṣe bá ya á, tí kò lẹ̀ ẹ́ padà, omi ti rí ọ̀nà.

Ó jọ pé owó tó ń bá gọ́ọ̀mù sílíkóònù lọ ju èyí tó yẹ lọ: wọ́n ń kùn ún yí gíláàsì iwájú ká kí wọ́n tó mọ ibi tí omi gbà wọlé. Kápẹ́ẹ̀tì tó gbẹ lójú náà ń tan èèyàn jẹ. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ lè mu omi pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, abẹ́ ibẹ̀ sì ni wáyà gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.