Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́ja, bí ìyàwó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, kì í kàn wọlé bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé yóò fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a sì máa wúre, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ̀ wọlé. Nílé, agbo ilé kún fún obìnrin. Níhìn-ín, yàrá méjì tí ọkọ háyà ni, ni àwọn mìíràn bá ń fò ó. Kò tọ́, nítorí àwọn tí ó wẹ ẹsẹ̀ náà ni ìyàwó ń sá tọ̀ bí ìjà bá dé. Omi kò wọ́n níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ènìyàn ni ó kù. Ẹ tètè sọ fún àwọn ìyá ẹgbẹ́.