Kí Ló Ba Prison Break Jẹ́ Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Jáde Lẹ́wọ̀n?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti bẹ̀rẹ̀ Prison Break tí ẹ máa ń sọ yẹn o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo apá kìíní tán. Apá kejì náà dùn. Àmọ́ mo ti dé apá kẹta báyìí, ó wá ń rí bákan lójú mi. Ṣé ó ṣì máa dùn níwájú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí èmi fúnra mi bèèrè nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún àti díẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ kọ fún ẹ̀yin náà lónìí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń fi oorun du ara yín nítorí eré tó ní apá márùn-ún, apá mẹ́jọ. Mo máa tú àṣírí ìtàn náà síta o. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ kí n bà á jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kó yáa dúró síbí ná.

Nígbà tí eré náà ṣì mọ ibi tó ń lọ

Oṣù kẹjọ ọdún 2005 ni Prison Break bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà. Paul Scheuring ló dá a sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Poli ni mo wà nígbà náà. Kò sí Netflix, kò sí dátà. DVD tí wọ́n ń tà fún èèyàn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ la fi wò ó. Ká má purọ́, ayédèrú ni. A óò dá owó epo jẹnẹrétọ̀ jọ, a óò kóra jọ sí yàrá ẹnì kan, àwọn kan lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn kan nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dìde títí epo fi máa tán.

Ìtàn náà ò le rárá. Wọ́n dájọ́ ikú fún Lincoln Burrows pé ó pa arákùnrin igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò pa á. Ẹnjiníà ni àbúrò rẹ̀, Michael Scofield, iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ sì ti fọwọ́ kan àwòrán ilé ọgbà ẹ̀wọ̀n Fox River, níbi tí wọ́n ti Lincoln mọ́. Michael bá fín àwòrán ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sára, ó fi oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà bò ó kí ojú má baà tètè rí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ìbọn wọ báǹkì, kí wọ́n lè mú un, kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló gbé apá kìíní yẹn ró. Àkọ́kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé Michael máa gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde kí wọ́n tó pa á? Ìkejì, wọ́n ti dá ọjọ́. Gbogbo wa la mọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé Lincoln jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń gbé iná mànàmáná pànìyàn, a sì jọ ń ka ọjọ́ náà. Ìkẹta, kò sí nǹkan kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí Michael tó lè máa ríbi wọ ilé ìwòsàn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ní láti díbọ́n pé òun ní àtọ̀gbẹ, kó máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tí ara rẹ̀ kò nílò. Nígbà tí kò sọ ohun tí John Abruzzi fẹ́ gbọ́, wọ́n gé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí páìpù gbígbóná jó o lẹ́yìn, apá kan àwòrán náà bá a lọ, ó wá di dandan kó lọ bẹ Haywire, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tó ti rí àwòrán náà rí, kó bá a rántí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá dé abẹ́ ilé ìwòsàn lóru tí wọ́n fẹ́ sá, páìpù tuntun ni wọ́n bá níbẹ̀, ó le ju èyí tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún lọ. Wọ́n padà. Ariwo tí a pa nínú yàrá yẹn lóru ọjọ́ náà, mi ò rò pé mo tún ti pa irú rẹ̀ nítorí eré mọ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n gidi ni wọ́n tún lò, èyí tó wà ní Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí ìjọba ti tì pa ní 2002. Abájọ tí ògiri ibẹ̀ fi jọ ògiri tó ti gbọ́ ẹkún rí.

Apá kejì náà ṣe dáadáa. Èèyàn mẹ́jọ ló bọ́ jáde, eré wá di eré sísá. Wọ́n mú Alexander Mahone wọlé, ọlọ́pàá FBI tó ń fi àwòrán ara Michael mọ ibi tó kàn. Òun náà ní òkú tó sin mọ́ àyíká ilé tirẹ̀, torí náà ẹni tó ń lé èèyàn, ẹ̀rù ń ba òun náà. Ní ìparí apá yẹn, ọ̀rọ̀ yanjú: ìjọba gbà pé Lincoln kò jẹ̀bi.

Ẹ wá fọkàn bá mi ka nǹkan. Ìpín 22 ló wà ní apá kìíní, 22 ní apá kejì. Ní ìpín 44, ìbéèrè tó mú wa jókòó ti gba ìdáhùn. Àmọ́ ìpín 90 ni gbogbo eré náà títí dé èyí tí wọ́n ṣe ní 2017. Ìyẹn ni pé ìdáhùn ti dé, ìpín 46 ṣì kù nílẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n yí aṣọ sí òdì

Ní apá kẹta, Michael tún wà lẹ́wọ̀n, ní Sona, lórílẹ̀-èdè Panama. Lincoln ló wá wà níta. Wọ́n kàn yí aṣọ kan náà sí òdì ni. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀tá tó wà níta ló ní kó gbé ọkùnrin kan jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pa Sara, dókítà tí Michael nífẹ̀ẹ́, àti ọmọ Lincoln. Ṣé ẹ rí i? Ní Fox River, ìfẹ́ ló ti Michael wọlé. Ní Sona, àṣẹ ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ní kó ṣe é.

Sarah Wayne Callies, tó ń ṣe Sara, kò sí nínú apá kẹta, ni wọ́n bá pa Sara. Wọ́n ní wọ́n bẹ́ ẹ lórí, wọ́n gbé orí náà sínú páálí ránṣẹ́ sí Lincoln. Inú bí àwọn òǹwòran gan-an. Lẹ́yìn náà ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà tún dé, láti oṣù kọkànlá 2007 dé oṣù kejì 2008, apá kẹta bá parí sí ìpín 13 péré. Àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn. Èmi ò gbà. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ló gé apá náà kúrú lóòótọ́, àmọ́ kí ó tó dé ni ìtàn ti ń yí po lójú kan.

Apá kẹrin ló wá tú gbogbo rẹ̀ ká. Sona tí wọ́n fi odidi apá kan sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ níbẹ̀, wọ́n ní ó ti jóná, àwọn tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ sì ti jáde. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa, a ò rí i. Sara náà jáde wá, wọ́n ní orí obìnrin mìíràn ló wà nínú páálí. Ìyá Michael tó ti kú tipẹ́tipẹ́, òun náà kò kú mọ́. Ó tún wá ń sọ pé òun kọ́ lòun bí Lincoln. Ẹ gbà mí! Ìtàn ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan fi ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n nítorí èkejì, wọ́n wá ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Kódà, wọ́n pa àwòrán ara Michael rẹ́. Mo rántí pé ọ̀rẹ́ mi kan wo ara Michael tó mọ́ tónítóní, ó ní, "Eré yìí ti tán nìyẹn." Kò purọ́.

Ní oṣù karùn-ún 2009, wọ́n sin Michael. Ní 2017, Michael wà láàyè ní Yemen. Bí òkú bá ń jí lójoojúmọ́, ta ni yóò máa sunkún?

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo ṣá. Bellick, wọ́dà tó fi ìyà jẹ wọ́n ní Fox River, kú sínú páìpù omi ní apá kẹrin, níbi tó ti ń gbé ẹrù kí àwọn yòókù lè ríbi kọjá. Ó dùn mí dọ́kàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ó san nǹkan gidi, kò sì padà wá.

Ta ló jẹ̀bi?

Kì í ṣe pé àwọn òǹkọ̀wé náà gọ̀ lójijì. Owó ìpolówó ọjà ni tẹlifíṣọ̀n bíi Fox fi ń jẹun. Eré tí èèyàn ń wò dà bí ìsọ̀ tí oníbàárà ń wọ́ wá, kò sẹ́ni tó máa ń ti irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ pa. Ìpín 13 ni Fox kọ́kọ́ béèrè fún. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọjà ń tà, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi fi mẹ́sàn-án kún un. Ẹ ro ti bíríkìlà tó ń mọ ilé lọ, tí onílé ń bọ̀ lójoojúmọ́ pé, "Fi yàrá kan kún un."

Àwọn eré ọ̀daràn kan lè gba irú ìyẹn mọ́ra. Law & Order lo ọdún 20 láti 1990 dé 2010, torí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Àmọ́ Prison Break, ìparí rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́ ẹ̀wọ̀n, ó tán. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa lọ, àfi kí ẹ tún wá ẹ̀wọ̀n mìíràn. Ẹ fi wé Breaking Bad: apá márùn-ún, ìpín 62, láti 2008 dé 2013. Ohun tí Walter White bá ṣe lónìí, ó máa san án lọ́la, wọ́n sì parí rẹ̀ nígbà tí òǹgbẹ rẹ̀ ṣì ń gbẹ wá.

Mo ní ìdí tí mi ò fi lè bú àwọn òǹkọ̀wé yẹn tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́lé lórí ẹ̀sùn olè tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ọ̀gá mi ní rárá o, ìwé ń tà, kí n máa bá a lọ. Owó ilé ń bẹ lọ́rùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "a gbọ́ pé", mo ń kọ "àwọn kan ń sọ pé". Mo kọ nípa ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, mo kọ nípa gbèsè bàbá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi ti kúrò lẹ́wọ̀n láti oṣù tó kọjá. Ìwọ lo ò jẹ́ kó wọlé."

Mi ò rí èsì fọ̀. Mi ò kọ ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìwé ìròyìn náà sì wá ẹlòmíì tó kọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Lincoln Burrows gan-an nìyẹn. Ó ti bọ́, wọn ò jẹ́ kó délé. Òun kì í ṣe èèyàn gidi, torí náà kò sí ìyá tó máa pe ẹnikẹ́ni. Àwa òǹwòran nìkan ló lè mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, bí eré kan bá ti ń sú yín, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: Ìbéèrè tó mú mi jókòó, ṣé ó ṣì wà nílẹ̀? Ohun tí wọ́n ṣe lánàá, ṣé wọ́n ń san án lónìí? Ẹni tó kú, ṣé ó kú? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, ẹ pa á, ẹ lọ sùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi, mo ní kó gbà pé apá kejì ni òpin. Ó dúpẹ́, ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ wò ó dé?"

Mo ní, "Mo wò ó tán."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láti ojú fèrèsé mi, mò ń gbọ́ ohùn T-Bag nínú yàrá rẹ̀.