Ohùn Méjì Nínú Àwo Kan: Bí Etí Olùgbọ́ Ṣe Gba Orin Àwọn Ìbejì Lijadu

Orin tí a fi gìtá oníná àti ìlù òyìnbó gbé, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ wá láti inú orin ìbílẹ̀, kò wọ́pọ̀ nínú àwo tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá gbé jáde ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìdí sì nìyí tí iṣẹ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu fi yẹ fún àyẹ̀wò, pàápàá ní ti ohun tí àwọn olùgbọ́ rí gbá mú nínú rẹ̀. Jos ni a bí àwọn ìbejì wọ̀nyí sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948, Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí, ìbátan Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sì ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ Decca, lábẹ́ àmì Afrodisia, gbé àwo ńlá mẹ́rin jáde fún wọn ní ọdún mẹ́rin tí ó tẹ̀ léra: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978 àti Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, ọ̀kan lára àwọn tí ó mọ onírúurú ohun èlò orin lò jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà, ni igi lẹ́yìn ọgbà wọn nínú àwọn àwo wọ̀nyí.

Kí a tó lè lóye ìhà tí olùgbọ́ kọ sí wọn, ó yẹ kí a rántí irú orin tí etí ti mọ́ ní àkókò náà. Jùjú Ebenezer Obey àti Sunny Adé, àpàlà Haruna Ishọla àti Ayinla Ọmọwura, pẹ̀lú fújì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, ni ó gba òde àríyá kan. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ni ó ń lé orin tí àwọn yòókù ń gbè é, oríkì ẹni tí ó ń náwó sì ni ó sábà máa ń mú inú agbo dùn. Táíwò àti Kẹ́hìndé kò tọ ọ̀nà yìí, nítorí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lé orin pọ̀, tí kò sí ọ̀gá kò sí ẹlẹ́gbè láàárín wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì dá lórí ìfẹ́, lórí òfófó, àti lórí àwọn tí ń fi ìyà àwọn ẹlòmíràn kówó jọ. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣòro láti lù ní ìsìnkú tàbí ìsọmọlórúkọ, ó sì hàn gbangba pé ọ̀dọ́ tí ó ń gbọ́ orin Amẹ́ríkà lórí rédíò ni Danger, tí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ojú tí àwọn kan fi ń wo obìnrin tí ń kọrin lóru pẹ̀lú ẹgbẹ́ onígìtá kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù ni ti ohùn. Èdè olóhùn ni Yorùbá, èyí ni pé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó wálẹ̀, ọkọ̀ lè di ọkọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro yìí bá àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí a sì ń kọ sí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti tún un ṣe, nítorí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ṣe orin ìsìn tí ó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní London ní ọdún 1922. Ní 1953, Ekundayo Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Áńgílíkà ní Èkó, gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá, ó sì yẹ ọ̀ràn yìí wò níbẹ̀.

Ìṣòro náà tún ń di ìlọ́po méjì nígbà tí ènìyàn méjì bá ń kọ ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí ohùn kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò dàrú mọ́ olùgbọ́ lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí àwọn ìbejì Lijadu dá ni pé kí ohùn méjèèjì súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n jọ gòkè kí wọ́n sì jọ sọ̀. Nínú Mother Africa, níbi tí Yorùbá ti pọ̀ jù, èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já geere bí gìtá tilẹ̀ ń dún kíkankíkan. Olùgbọ́ Yorùbá lè má mọ ìdí tí orin náà fi wọ òun lára, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ tí kò ṣì ni ìdí rẹ̀.

Etí àwọn ará òkè òkun gba ohun mìíràn. Àwọn ìbejì náà ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì fi Brooklyn ṣe ibùgbé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Knitting Factory tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé jáde ní nǹkan bí 2011 àti 2012, gìtá, ìlù àti adùn ohùn méjì tí ó jọra ni àwọn olùgbọ́ tuntun yìn jù. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó kàn, kò sì dára kí àwọn tí ó gbọ́ èdè náà máa tún ọ̀rọ̀ àwọn tí kò gbọ́ ọ sọ. Kẹ́hìndé kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Numero Group tún gbé Horizon Unlimited jáde.

Ní 1978 tí Sunshine jáde ni a ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí Mowe àti Ibafo, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ́bàá ọ̀nà náà, ṣì jẹ́ abúlé. Lónìí àwọn ìlú náà ti kún, orin ìsìn sì gba ibẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn àgọ́ àdúrà ńláńlá tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Etí tí ó ti mọ orin ìsìn Yorùbá tí ó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ dáadáa ti ní ohun tí ó nílò láti gbọ́ àwọn Lijadu yéké. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó fi Mother Africa ṣáájú Danger, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kíní fún ọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn ohun èlò tí Biddy Wright lò sí i.