Asẹ́ Omi Fún Arìnrìn-àjò: Ohun Tí Ó Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Ìkòròdú, omi ni yóò máa wò títí yóò fi gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, díẹ̀ ni ó lè mu nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀sà Èkó wọlé, omi a sì níyọ̀. Ẹni tí ó ń lọ sí abà a máa gbé omi inú ọ̀rá dání. Bí ìyẹn bá tán, odò, ọ̀gọ̀dọ̀ tàbí kànga tí kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni ó kù fún un. Níbẹ̀ ni asẹ́ tí a ń gbé rìn ti wúlò.

Àwọn àgbà kò gbàgbé sobìà. Kòkòrò tíntìntín kan a máa wà nínú omi ọ̀gọ̀dọ̀, ọmọ sobìà a sì wà nínú kòkòrò náà. Ẹni tí ó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni aràn tí ó lè gùn tó mítà kan yóò yọ orí jáde, ní ẹsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò sì máa ta á bí iná. Bí ó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú, aràn a tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi náà, ẹlòmíràn a sì bu ú mu. Báyìí ni àgbẹ̀ ṣe ń dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko gbóná jù.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980 fi hàn pé àwọn tí sobìà ń bá jà lé ní 650,000. Àrùn náà kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Omi mímọ́, oògùn tí a ń dà sí ọ̀gọ̀dọ̀, ẹ̀kọ́ àti asẹ́ aláṣọ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Fún darandaran, àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò, a ṣe páìpù kékeré kan tí a ń fi okùn kọ́ sí ọrùn, tí asẹ́ wà nínú rẹ̀, tí a sì ń fi í fa omi mu. Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó pín in; ní ọdún 2001 ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rẹ̀ ni a pín ní Sudan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí sobìà mú ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n asẹ́ tí ó dá sobìà dúró kò tó fún onígbáméjì, nítorí kòkòrò onígbáméjì kéré ju ihò aṣọ lọ. Síbẹ̀, ní Bangladesh, ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé aṣọ sári tí ó ti gbó, tí a ṣẹ́ po ní ìlọ́po mẹ́rin ó kéré tán, dín onígbáméjì kù ní nǹkan bí ìdajì, nítorí pé púpọ̀ nínú kòkòrò náà a máa lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi. Aṣọ tí ó gbó sàn ju tuntun lọ, nítorí òwú rẹ̀ ti wú, ihò rẹ̀ sì ti fún. Ìdajì tí ó kù, ẹni tí ó bá kàn ni ó mọ ohun tí ó jẹ́.

Ní ọdún 2005 ni irú páìpù mìíràn jáde, èyí tí a ń pè ní LifeStraw. Fọ́nrán wẹ́wẹ́ bí irun ni ó wà nínú rẹ̀, ihò ara wọn kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú 5,000 mìlímítà lọ. Irú ihò bẹ́ẹ̀ a máa dá kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun dúró. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò lè yọ iyọ̀ ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yọ epo tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dà sí omi, tàbí oògùn tí a ń fọ́n sí oko. Álọ́ọ̀mù pàápàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọkàn tán, ìdọ̀tí ni ó ń mú sọ̀ kalẹ̀. Kì í pa kòkòrò. Níbi tí iná bá wà, kí a sẹ́ omi, kí a sì jẹ́ kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá fi páìpù fọ́nrán mu omi tán, kí ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ padà kí omi ẹlẹ́gbin má bàa dúró níbẹ̀. Ti asẹ́ aláṣọ, ojú kan náà ni kí ó máa wà lókè nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá yí i padà ti da ohun tí ó sẹ́ kúrò lánàá sínú omi tí yóò mu lónìí.