TÁÍMÌN BẸ́LÍÌTÌ ỌKỌ̀ ẸGBẸ́ YÍN: Ẹ PÀÀRỌ̀ RẸ̀ KÍ Ó TÓ JÁ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń kó irè oko yín lọ sí ọjà ni. Tòmátì tó ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò ní dúró de ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì kan sì wà nínú ẹ́ńjìnnì tó lè sọ owó tí ẹgbẹ́ ti ń tù jọ di owó àtúnṣe lójijì. Òun ni à ń pè ní táímìn bẹ́líìtì.

KÍ NI IṢẸ́ RẸ̀?

Gbogbo wa la mọ fáànù bẹ́líìtì, èyí tí ojú ń rí bí a bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Òun kọ́ là ń sọ. Táímìn bẹ́líìtì wà lábẹ́ ìdérí níwájú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà ni, okùn líle wà nínú rẹ̀, ó sì ní eyín bíi ti ayùn. Òun ló so kránkì tó wà nísàlẹ̀ mọ́ káàmù tó wà lókè. Kránkì ló ń gbé písítìnnì lọ sókè, lọ sódò; káàmù ló ń ṣí fáàfù. Bí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré. Bẹ́líìtì yìí ni kì í jẹ́ kí ìṣirò náà yẹ̀.

Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó ẹnì kan bá ń lọ sókè, ti ẹnì kejì a máa bọ̀ wálẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì í gún, ọmọ odó méjèèjì á kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáàfù àti písítìnnì ṣe ń pín àyè kan lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pàápàá ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí bẹ́líìtì bá já, káàmù á dúró, písítìnnì á sì lọ gbá fáàfù. Fáàfù á wọ́, písítìnnì lè fọ́, ó sì di dandan kí a ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà. Owó bẹ́líìtì tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

ṢÉ ỌKỌ̀ YÍN NÍ IN?

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Peugeot 504 tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti fi kó ẹrù rí, ṣéènì onírin ló ń lò. Toyota Hilux àti Hiace tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2L tàbí 3L, bẹ́líìtì ni tiwọn, òun náà ló sì ń yí pọ́ọ̀ńpù tó ń fún dísẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n Hilux onípẹtiróò tó ní ẹ́ńjìnnì 22R, ṣéènì ni. Nítorí náà, orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó. Ẹ wo irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ Ó TI GBÓ

Fáànù bẹ́líìtì a máa ké kí ó tó já. Táímìn bẹ́líìtì kì í sábà ké. Ọkọ̀ lè dára láàárọ̀, kí bẹ́líìtì rẹ̀ já lọ́sàn-án. Ẹ má ṣe dúró de ariwo.

Èkínní, ẹ ka kìlómítà. Iye tí a mọ̀ fún ẹ́ńjìnnì 2L ni 100,000 kìlómítà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, iná kékeré tí a kọ T-BELT sí á tàn níwájú awakọ̀ bí àkókò bá tó. Iná yìí kò rí bẹ́líìtì o. Kìlómítà ló ń kà. Bí mítà bá ti kú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Iye ti ọkọ̀ mìíràn lè kéré sí èyí, ẹ wo ìwé rẹ̀.

Èkejì, ẹ ka ọdún. Rọ́bà a máa gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn. Bí bẹ́líìtì bá ti pé ọdún márùn-ún, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ojú wò ó. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí ó tutù, ṣí ìdérí òkè, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí ó bá ti sán nídìí eyín, bí eyín kan bá ti kán, bí òwú bá ń yọ létí rẹ̀, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán tó sì le, tàbí bí ọ́ìlì bá ti rin ín, ó ti parí iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ ìwà ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá fo eyín kan, ọkọ̀ lè ṣòro láti tan, kò ní lágbára lórí òkè, ó sì lè máa rú èéfín. Ohun mìíràn lè fa èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé bẹ́líìtì.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mítà rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì kí ọkọ̀ tó kó ẹrù àkọ́kọ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lójú ọ̀nà, tí kíkì rẹ̀ wá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láìtan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má kíìkì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì tì í. Bí fáàfù kan bá ṣẹ́kù tí kò tíì wọ́, bí ẹ ṣe ń tì í ni òun náà yóò wọ́.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Iṣẹ́ mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, kí ó sì ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a sì yọ orí bátìrì.

2. Kí a tú fáànù bẹ́líìtì àti ìdérí kúrò. Kí a fi sípánà yí kránkì síbi tó máa ń yí sí, títí písítìnnì kìíní yóò fi dé òkè pátápátá, tí àmì kránkì, ti káàmù àti ti pọ́ọ̀ńpù yóò fi bọ́ sójú wọn.

3. Kí a dẹ púlì tó ń fa bẹ́líìtì le, kí a yọ ti àtijọ́. Kí a fọwọ́ yí púlì náà: bí ó bá ń han tàbí tó ń mì, a ó pààrọ̀ òun náà. Bí ọ́ìlì bá ń jò nítòsí, kí a pààrọ̀ síìlì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba tuntun jẹ́.

4. Bẹ́líìtì tuntun ni kí a rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Kí a má ṣe ká a kọ́, kí a má fi irin yọ́ ọ wọlé, kí ọ́ìlì má sì kàn án.

5. Lẹ́yìn tí a bá ti fà á le bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí, kí a fọwọ́ fi sípánà yí kránkì lẹ́ẹ̀mejì pípé. Gbogbo àmì gbọ́dọ̀ padà sójú wọn. Bí nǹkan bá dá a dúró, kí a má fi ipá yí i. Kí a tún un tò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi kíkì dán an wò kí èyí tó parí.

6. Kí a dá gbogbo ìdérí padà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò, eruku àti òkúta ọ̀nà oko ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sínú ìwé ọkọ̀. Kí a tún kọ ọ́ sórí bébà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ lè yí padà, mẹkáníìkì lè kó kúrò nílùú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yóò wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akápò máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí owó bẹ́líìtì ti wà nílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Àwọn àgbà ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bi awakọ̀ yín léèrè: ìgbà wo la pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì kẹ́yìn? Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àkókò ti tó. Ẹ ka ìwé yìí fún àwọn tí kò gbọ́ ètò wa. Irè oko yín yóò délé, yóò sì dé ọjà. Ó dìgbà kan ná.